Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: ÀRÒKỌ ALÁRÌÍYÀNJIYÀN – ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ ÀTI ÀWỌN OLÓRIN WA

A. ÌFÁÀRÀ

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ lórí àròkọ alálàyé. Àròkọ alárìíyànjiyàn ni a ó gbé yẹ̀ wò nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń sá fún irú àròkọ yìí nínú ìdánwò, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rọrùn fún ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó fẹ́ sọ, tí ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Àríyànjiyàn kì í ṣe ìjà. Kì í ṣe ẹni tí ó pariwo jù ni adájọ́ ń gbè; ẹni tí ó mú ẹ̀rí wá ni.

Orí-ọ̀rọ̀ tí a ó lò nìyí:

Ìwọ ni olùsọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbi ìdíje àríyànjiyàn kan ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. Kọ ọ̀rọ̀ tí o sọ láti gbè tàbí láti tako orí-ọ̀rọ̀ yìí: Íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe àwọn olórin ilẹ̀ Nàìjíríà ní oore ju ibi lọ.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo fún kíláàsì ìparí ní orí-ọ̀rọ̀ tí ó jọ èyí. Inú wọn dùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ orin ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé wọn, mo rí i pé àṣìṣe mẹ́ta ni ó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Èkíní, àwọn kan kàn ń to orúkọ olórin jọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tí ń pe orúkọ nínú kíláàsì. Èkejì, àwọn kan gbàgbé ìbéèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù nípa ìmúra àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀kẹta, àwọn kan ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu méjì: wọ́n gbè é ní ìpínrọ̀ kan, wọ́n tako ó ní òmíràn, a kò sì mọ ibi tí wọ́n dúró sí títí tí ìwé fi tán. Kí o ṣọ́ra fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

B. BÍ O ṢE MÁA RONÚ SÍ ORÍ-Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ka orí-ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí o tó gbé kálàmù. Fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbé e ró. Mẹ́rin ni wọ́n níbí: íntánẹ́ẹ̀tì, olórin, oore, ju ibi lọ. Bí o bá ń sọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ran oníṣòwò aṣọ lọ́wọ́, o ti ṣìnà. Bí o bá ń ṣàròyé nípa àwọn tí ń fi gbogbo òru wo fóònù, o ti ṣìnà pẹ̀lú, nítorí pé olórin ni a bi ọ́, a kò bi ọ́ ní olùgbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ‘ju ibi lọ’ sì jẹ́ òṣùwọ̀n. Ó fi hàn pé oore wà, ibi náà sì wà, ìwọ ni kí o wọ̀n wọ́n. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ibi kankan níbẹ̀ kò tí ì dáhùn ìbéèrè.

Lẹ́yìn èyí, wá ẹ̀rí. ‘Ọ̀pọ̀ olórin ti di olówó’ kì í ṣe ẹ̀rí. Ta ni? Ní ọdún wo? Ọ̀nà wo ni ó gbà? Bí o bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, o ní ẹ̀rí. Bí ọdún kan kò bá sì dá ọ lójú, fi í sílẹ̀. Má ṣe hùmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí yóò máàkì ìwé rẹ lè jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn orin jù ọ́ lọ.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi ka orí-ọ̀rọ̀ yìí sí eré. Ọmọkùnrin kan wà tí mo kọ́ rí. Ohùn rẹ̀ dára púpọ̀. Kò pẹ́ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fi fóònù gba orin kan sílẹ̀, tí ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orin náà tàn ká bí iná ọyẹ́. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí ń fi jó. Ọkùnrin kan wá bá a, ó ka 60,000 náírà sí i lọ́wọ́, ó sì fún un ní ìwé kí ó fọwọ́ sí i. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ó gbé ìwé náà wá sí ilé mi.

‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi kà á.’

Mo kà á. Ìwé náà wí pé orin náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé, àti pé orin tí ó bá kọ ní ọdún márùn-ún sí i, ti ọkùnrin náà ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbé e wá kí ó tó fọwọ́ sí i.

‘Sà, ojú ń tì mí láti sọ pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò yé mi.’

N kò rí èsì fún un. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ orin náà nínú ọkọ̀, ara mi kì í balẹ̀. Nítorí náà, bí o ti ń ka àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, má ṣe kà á nítorí ìdánwò nìkan. Nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, olórin wà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe fún orin, àti ohun tí kò lè ṣe.

D. ÌLAPA ÈRÒ

Kọ ìlapa èrò rẹ sí ẹ̀yìn ìwé ìdáhùn kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má ṣe lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Tèmi rèé:

(i) Ìkíni, àti ibi tí mo dúró sí.
(ii) Ìtumọ̀ orí-ọ̀rọ̀: kí ni mo ń pè ní íntánẹ́ẹ̀tì? Kí ni oore?
(iii) Bí a ti ń polówó orin tẹ́lẹ̀: àwo, kásẹ́ẹ̀tì, ọjà Alábà.
(iv) Oore kìíní: ẹnu ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀.
(v) Oore kejì: àwọn olùgbọ́ ti di alápolówó.
(vi) Oore kẹta: èdè wa ti dé ibi tí kò dé rí.
(vii) Oore kẹrin: olórin ń rí ìṣirò ọjà rẹ̀.
(viii) Ohun tí àwọn alátakò yóò sọ, àti èsì wọn.
(ix) Ìkádìí.

E. ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Alága wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin adájọ́ tí ẹ kì í ṣe ojúsàájú, olùdíwọ̀n àkókò, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin alátakò mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Èmi ni olùsọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn tí ó gbà pé íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe àwọn olórin ilẹ̀ Nàìjíríà ní oore ju ibi lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bí mo bá pe íntánẹ́ẹ̀tì, mo ń sọ nípa YouTube, Facebook, Instagram, TikTok, àti X tí a ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni olórin ti ń polówó ara rẹ̀. Mo tún ń sọ nípa Spotify, Apple Music, Boomplay àti Audiomack, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ orin. Oore tí mo ń wí sì ni pé kí orin ènìyàn dé etí ẹni tí yóò gbádùn rẹ̀, kí ẹni tí ó kọ ọ́ sì rí owó jẹ nídìí rẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọjà ni orin náà. Báwo ni àwọn olórin àtijọ́ ṣe ń polówó tiwọn? Ní ayé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ojú agbo àti rédíò ni òkìkí ti ń bẹ̀rẹ̀. Olórin yóò ki ènìyàn ńlá, yóò ki ẹgbẹ́, àwọn tí ó kì yóò sì máa gbé orúkọ rẹ̀ kiri. Ní 1971, Haruna Ishola, bàbá àpàlà, gbé àwo Oroki Social Club jáde, ó fi ki ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, àwo náà sì wà lára èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó rí irú ààyè bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò bá rí ilé-iṣẹ́ tí yóò tẹ àwo fún un, òde ìnáwó àdúgbò rẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ń parí sí. Abájọ tí Haruna Ishola àti I. K. Dairo fi dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀ ní 1969, kí wọ́n lè máa gbé àwo jáde fúnra wọn.

Nígbà tí ayé kásẹ́ẹ̀tì àti sídì dé, àwọn oníṣòwò ọjà Alábà ní Òjó, ní Èkó, ni ó di ẹnu ọ̀nà náà mú. Bí wọ́n bá gba orin rẹ, ó di ohun tí ó ń dé gbogbo ìlú. Bí wọn kò bá gbà á, ó di inú àpótí. Àwọn aṣàdàkọ kò sì jẹ́ kí ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀ pàápàá sinmi. Kí orin tó tà tán, ayédèrú rẹ̀ ti kún ìgboro, kọ́bọ̀ kan kò sì ní ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olórin.

Alága, oore kìíní tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ni pé ó ṣí ẹnu ọ̀nà yìí sílẹ̀. Lónìí, ọ̀dọ́ tí ó ní orin lọ́wọ́ lè san owó díẹ̀ fún alárinà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ó gbà kí ó máa yọ díẹ̀ nínú èrè, alárinà yìí yóò sì gbé orin náà lọ sí gbogbo ibi tí a ti ń gbọ́ orin káàkiri ayé. Kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni ní Alábà. Kò ní láti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ rédíò láti àárọ̀ di alẹ́.

Oore kejì ni pé àwọn olùgbọ́ fúnra wọn ti di alápolówó. Ẹ wo bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ lórí TikTok. Ẹnì kan yóò gé ibi tí ó dùn nínú orin, yóò fi jó, yóò ya fídíò rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò rí i, yóò fi jó tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó ń darí ibẹ̀ ń wo irú fídíò tí àwọn ènìyàn ń wò dé òpin, tí wọ́n ń tún wò, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Irú èyí ni yóò máa fi han ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn mìíràn. Kó tó di pé TikTok dé ni D’banj ti rí ọgbọ́n yìí: ó ṣe ìdíje ijó lórí YouTube fún orin rẹ̀, Oliver Twist, orin náà sì wọ àárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012. Àpẹẹrẹ tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti CKay. Ní 2019 ni ó gbé Love Nwantiti jáde. Ní 2021, nígbà tí ẹlòmíràn ì bá ti gbàgbé orin náà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi jó lórí TikTok ní ilẹ̀ tí CKay kò dé rí, orin náà sì wọ àárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ayé sídì, ta ni yóò tún tẹ sídì tí ó ti pé ọdún méjì? Rema náà ńkọ́? Ní 2022 ni Calm Down jáde; ó bá Selena Gomez ará Amẹ́ríkà tún un kọ ní ọdún yẹn kan náà, nígbà tí ó sì di 2023, orin náà dé ipò kẹta nínú àtòjọ Billboard ti Amẹ́ríkà.

Oore kẹta ni èyí tí ó dùn mọ́ mi nínú jù lọ. Èdè wa ti dé ibi tí kò dé rí. Nígbà kan, wọ́n máa ń sọ fún olórin pé bí ó bá fẹ́ kí òkè òkun gbọ́ òun, kí ó kọrin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Asake, ẹni tí ó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ń fi Yorùbá kọrin, ohùn fújì sì wà nínú orin rẹ̀. Ní 2022 ni orúkọ rẹ̀ dé gbogbo ibi. Ní oṣù kẹjọ 2023, ó ti ń kọrin ní O2 Arena ní Lọ́ńdọ̀nù, gbọ̀ngàn tí ó ń gba nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń bá a gbe orin lẹ́sẹ lẹ́sẹ.

Oore kẹrin ni pé olórin ń rí ìṣirò ọjà rẹ̀. Boomplay bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2015. Spotify dé ní 2021. Lórí Spotify, bí ènìyàn bá gbọ́ orin fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, a ti kà á ní ẹ̀ẹ̀kan. Olórin lè rí iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ orin rẹ̀, kí ó sì rí ìlú tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Bí ó bá rí i pé àwọn ará Ìbàdàn ń gbọ́ òun ju àwọn ará Èkó lọ, ó mọ ibi tí yóò ti kọ́kọ́ ṣe òde. Ní ayé kásẹ́ẹ̀tì, ẹnu oníṣòwò ni olórin ti ń gbọ́ iye tí ó tà, ohun tí oníṣòwò bá sì sọ ni abẹ gé.

Alága, tibi tire ni a dá ilé ayé. Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Wọn yóò wí pé òkìkí pọ̀ ju owó lọ. Òótọ́ ni. Fídíò tí gbogbo ayé wò lè má mú owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan wálé. Láti 2024, orin tí a kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín ọdún kan lórí Spotify kì í gba owó ibẹ̀ rárá. Wọn yóò tún wí pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni olórin ń kọ́lé sí. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2024, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Universal Music àti TikTok ń jà lórí owó, wọ́n yọ orin àwọn olórin Universal kúrò lórí TikTok, ó di oṣù karùn-ún kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Wọn yóò sì wí pé àwọn kan ń ra olùgbọ́ ayédèrú, kí ó lè jọ bí ẹni pé wọ́n lókìkí.

Èsì mi kò gùn. Àwọn ibi wọ̀nyí wà, ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni kò sí tẹ́lẹ̀? Ṣé owó ń wọlé fún olórin tí wọ́n ń ṣe ayédèrú sídì rẹ̀? Ṣé ilé ara rẹ̀ ni ẹni tí ilé-iṣẹ́ àwo lé jáde ń gbé? Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé, láyé àtijọ́, olórin kò ní ọ̀nà mìíràn. Lónìí, bí ibì kan bá ti, ibòmíràn ṣí. Bí owó ti íntánẹ́ẹ̀tì bá kéré, òkìkí tí ó fún un ni yóò fi rí òde tí owó gidi wà. Ẹni tí ń ra olùgbọ́ ayédèrú sì ń tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí pé olùgbọ́ ayédèrú kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí ó ń pa olórin lára jù lọ, ẹ̀yin adájọ́, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé àdéhùn tí kò kà ni. Nàìjíríà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, ó sì fi hàn pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ni ó ni ín, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Ìṣòro ọ̀bẹ kọ́ ni bí ènìyàn bá di ojú rẹ̀ mú.

Ní àkótán, mo ti fi hàn pé íntánẹ́ẹ̀tì ṣí ẹnu ọ̀nà fún olórin, ó sọ olùgbọ́ di alápolówó, ó gbé èdè wa dé òkè òkun, ó sì jẹ́ kí olórin mọ ìṣirò ọjà rẹ̀. Mo ti gbà pé ibi wà níbẹ̀, mo sì ti fi hàn pé kò tó oore rẹ̀. Nítorí náà, mo rọ̀ yín kí ẹ gbà pẹ̀lú mi pé íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe àwọn olórin ilẹ̀ Nàìjíríà ní oore ju ibi lọ. Ẹ ṣeun.

Ẹ. ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

1. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó gùn, kí o lè rí ọ̀pọ̀ ẹ̀rí níbẹ̀. Nínú ìdánwò, oore mẹ́ta àti ibi kan tí o bá ṣàlàyé dáadáa tó. Tẹ̀lé iye ọ̀rọ̀ tí ìwé ìbéèrè bá là sílẹ̀.

2. Ìkíni kò ju gbólóhùn kan lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń kí alága ní ìpínrọ̀ kìíní, wọn a tún kí i ní ìpínrọ̀ kejì. Ìkíni kò ní máàkì púpọ̀. Ẹ̀rí ni ó ní i. Bí ìbéèrè kò bá sì sọ pé o dúró níwájú èrò, má ṣe kí alága kankan.

3. Olùsọ̀rọ̀ yìí kò sá fún ibi tí ó wà níbẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀, ó gbà á, ó sì fèsì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ ohun tí alátakò rẹ̀ fẹ́ sọ ti gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ìpínrọ̀ kan ni ó fún ibi, mẹ́rin ni ó fún oore. Bí ìpínrọ̀ ibi bá pọ̀ ju ti oore lọ, adájọ́ yóò rò pé ẹ̀yìn alátakò ni o wà.

4. Wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó so ìpínrọ̀ pọ̀: ‘kí n tó lọ jìnnà’, ‘oore kìíní’, ‘oore kejì’, ‘ní àkótán’. Wọ́n dà bí òkúta tí a fi ń sọdá odò. Bí wọn kò bá sí, òǹkàwé yóò bọ́ sómi.

5. Òwe méjì péré ni ó wà níbẹ̀. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá pọ̀ ju ẹni tí ń gùn ún lọ, ìrìn-àjò kò ní gún.

6. A kò yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè padà, bíi YouTube àti Spotify. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti wọ Yorùbá, sípẹ́lì Yorùbá ni a fi kọ ọ́: fídíò, fóònù, sídì, kásẹ́ẹ̀tì, tíkẹ́ẹ̀tì. Má ṣe kọ ọ́ sí Yorùbá ní ojú-ìwé kan kí o kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní èkejì.

F. ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó TA KÓKÓ

alárinà: ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó wà láàárín olórin àti ibi tí a ti ń gbọ́ orin, tí ń bá a gbé orin débẹ̀, tí ó sì ń bá a gba owó rẹ̀ wá.
aṣàdàkọ: ẹni tí ó ń tẹ ẹ̀dà iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgba àṣẹ.
ayédèrú: ohun tí kì í ṣe ojúlówó.
ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ: àṣẹ tí ẹni tí ó kọ orin tàbí ìwé ní lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹlòmíràn kò fi lè fi í pa owó láìbá a sọ.
ìwé àdéhùn: ìwé tí ẹni méjì fọwọ́ sí, tí ó sọ ohun tí olúkúlùkù yóò ṣe àti ohun tí yóò gbà.
tàn ká bí iná ọyẹ́: kí nǹkan dé ibi gbogbo ní kíákíá.

G. IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Kọ ọ̀rọ̀ olùsọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn alátakò lórí orí-ọ̀rọ̀ kan náà. Lo ibi mẹ́ta, kí o sì fèsì sí ó kéré tán oore méjì nínú èyí tí o kà lókè.

2. Kọ ìlapa èrò nìkan lórí èyí: ‘Orin tí a kọ láti fi jó lórí fóònù kì í pẹ́ láyé.’ Bi àwọn òbí rẹ léèrè orin kan tí wọ́n gbọ́ nígbà èwe wọn tí wọ́n ṣì mọ̀ di òní, kí o sì lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

3. Ọ̀rẹ́ rẹ ń kọrin. Ẹnì kan fẹ́ fún un ní 100,000 náírà kí ó fọwọ́ sí ìwé kan lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Kọ lẹ́tà sí i. Sọ ìbéèrè mẹ́rin fún un tí ó gbọ́dọ̀ bi ẹni náà kí ó tó fi kálàmù kan ìwé: ta ni yóò ni orin náà? Fún ọdún mélòó? Ìdá mélòó nínú owó ni yóò jẹ́ tirẹ̀? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá fẹ́ kúrò?

Bí o bá kọ ìkẹta yìí tán, má ṣe jù ú nù lẹ́yìn tí olùkọ́ rẹ bá ti máàkì rẹ̀. Tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ lè dé tí ìwọ fúnra rẹ yóò fẹ́ kà á. Bí o bá sì rí ìwé kan tí kò yé ọ, má ṣe jẹ́ kí ojú tì ọ́. Gbé e lọ bá ẹni tí ó lè kà á fún ọ kí o tó fọwọ́ sí i.